Zuba: Nígbà tí Àwọn tí Ogun Lé Bẹ̀rẹ̀ sí Í Kọ́lé

 

Zuba ni mo wà bí mo ti ń kọ èyí. Ẹni tó bá ti gba Lọ́kọjá wọ Àbújá rí, tàbí tó ti Kàdúná bọ̀, kò lè ṣàì mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ibẹ̀ náà ni ọjà èso ńlá wà, níbi tí tírélà ti ń já ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ Zuba sí ibi tí a ń kọjá. A ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, a ó wọ òmíràn, a ó ra ọsàn díẹ̀ lọ sílé, ó parí.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Kí n má parọ́ fún yín, odindi oṣù mẹ́rin ni àpótí mi fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn tí n kò tú u. Mo ń ka oṣù. Mo ń sọ fún ara mi pé bí iṣẹ́ yìí bá ti parí, n ó padà sí ìlú tí mo ti gbọ́ èdè wọn, tí mo mọ oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bá àwọn àgbà ìlú jókòó, tí mo sì ń ka ìtàn àgbègbè yìí, mo rí i pé kí ọ̀dà tó dé orí ọ̀nà yìí rárá ni Zuba ti ń gba àlejò. Ó ti gba àwọn ènìyàn tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìbéèrè kan náà tó wà nínú àpótí mi: ṣé kí a máa dúró de ọjọ́ tí a ó padà ni, àbí kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí mo mọ̀ pé ó ń bẹ nínú ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín lónìí, yálà ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù lẹ wà, tàbí Amẹ́ríkà, tàbí Kánò.

Ogun tó lé ọba jáde

Ní ọdún 1804, Usman dan Fodio gbé ogun ẹ̀sìn dìde ní ilẹ̀ Gobir. Ogun náà ràn bí iná inú ọyẹ́. Àwọn ìlú Haúsá tí wọ́n ti wà láti ayébáyé bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Zazzau wà lára àwọn tí ọwọ́ ogun kọ́kọ́ tẹ̀. Zaria ni olú-ìlú rẹ̀. Malam Musa, ọ̀kan nínú àwọn tó gba àsíá lọ́wọ́ dan Fodio, ló ṣáájú àwọn tó gba ìlú náà.

Muhammadu Makau ló wà lórí oyè ní Zazzau nígbà náà. Sarkin Zazzau ni wọ́n ń pè é, èyí ni pé ọba Zazzau. Ó kó ìdílé rẹ̀, ó kó àwọn ìjòyè rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì forí lé ìhà gúúsù. Ẹ fojú inú wò ó: ọba tó ní ààfin, tó ní ẹṣin, tó ní onílù àti afunfèrè, ló wá di ẹni tó ń bi èrò ọ̀nà léèrè ibi tí omi wà. Ọ̀nà tí wọ́n rìn lé ní 200 kìlómítà kí wọ́n tó dé Zuba.

Ìlú àwọn Koro ni Zuba. Ohun kan wà níbí tí kò yẹ kí a fò dá. Kí ogun tó dé, àwọn ìlú Koro tó wà ní àgbègbè yìí ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Zazzau. Ẹnu ààlà ìjọba Zazzau ni wọ́n wà, ìpẹ̀kun ibi tí ọwọ́ ọba Zaria dé. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dọ́gba ni Makau sá lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń gba ohun ìní lọ́wọ́ wọn ló sá lọ. Olówó orí ni òun tẹ́lẹ̀. Àlejò ló wá dà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san, ọjọ́ náà ni ì bá gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n Zuba gbà wọ́n. Ó gba ọba, ó gba ìjòyè, ó gba aya àti ọmọ. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá lọ́jà Zuba, tí mo rí àwọn obìnrin Gbagyi tí wọ́n gbé igi àti igbá lé èjìká, nítorí wọn kì í gbé ẹrù lérí bíi tiwa, mo máa ń rántí pé àwọn ènìyàn àwọn òkè wọ̀nyí, Koro àti Gbagyi, ti ń gbé ẹrù ẹlòmíràn tipẹ́.

Ogún ọdún nínú àgọ́, lẹ́yìn náà odi

Makau kò sọ ara rẹ̀ di ọba Zuba. Sarkin Zazzau ló ń jẹ́ títí. Àwọn ìjòyè rẹ̀ náà di oyè wọn mú, bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ní Zaria. Ojú rẹ̀ sì wà ní àríwá. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi wà ní ipò yìí: wọ́n ń jagun, wọ́n ń gbèjà ara wọn, wọ́n ń retí. Ní ọdún 1825, Makau kú sójú ogun ní Lapai. Kò fojú kan Zaria mọ́ láyé.

Àbúrò rẹ̀, Abu, ló gorí oyè. Abu Ja ni wọ́n ń pè é. "Ja" ní èdè Haúsá ni pupa, nítorí pé ó pọ́n lára. Ọkùnrin yìí ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣe. Ní ọdún 1828, ó kúrò nínú àgọ́ ogun, ó wá ilẹ̀ kan ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí àríwá Zuba, ó sì tẹ ìlú dó. Ní ọdún kejì, 1829, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí i ká. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ìlú náà: Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Ní ọdún tí ìlú náà bẹ̀rẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Zaria ti bọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé pọ̀n lẹ́yìn sá ogun ti di géńdé. Ó ti lè ní ìyàwó. Zaria tí bàbá rẹ̀ ń sọ, ìtàn lásán ni létí rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé inú ìrántí bàbá rẹ̀. Ó nílò ilé, oko, kànga àti ọjà. Ẹni tó ń gbé àgọ́ kì í gbin igi eléso, nítorí kò retí pé òun ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ odi ti sọ pé, ibí ni àwọn ọmọ mi yóò gbé.

Ṣé wọ́n wá ju orúkọ ilé nù ni? Rárá o. Títí di òní olónìí, ọba ìlú náà ṣì ń jẹ́ Sarkin Zazzau, bí ọba Zaria náà ti ń jẹ́ ẹ. Wọ́n tọ́jú àṣà ìjọba àtijọ́ débi pé nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan, M. G. Smith, fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣèjọba ní Zazzau kí ogun tó dé, Àbújá ló ti wá a rí. Ohun tí ogun pa run ní ilé, ó wà láàyè ní àjò.

Ohun kejì tún ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn Abu Ja, arákùnrin wọn kẹta, Abu Kwaka, jọba láti 1851 sí 1877. Ní ìgbà tirẹ̀ ni òwò bẹ̀rẹ̀ láàárín Àbújá àti Bida, àti láàárín Àbújá àti Zaria fúnra rẹ̀. Zaria kan náà! Àwọn ọmọ ẹni tí a lé jáde wá ń tà, wọ́n ń rà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹni tó lé wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìyẹn rọrùn. Ẹ̀gbọ́n jagun títí ó fi kú, àbúrò mọ odi, àbúrò kejì ṣí ilẹ̀kùn odi fún oníṣòwò. Ó gba ìdílé kan ṣoṣo ní arákùnrin mẹ́ta àti nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ti ojú ogun dé ojú ọjà.

Ìtàn tiwa náà ni

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kà á, ṣé ìtàn yìí kò jọ tiwa? Láàárín ọdún kan náà tí Abu Ja ń mọ odi ni àwọn baba wa náà ń sá kiri. Ní ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn kó jọ sábẹ́ àpáta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ sì ṣáájú wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àdúgbò ibẹ̀ títí di òní: Aké, Ìtòkò, Ìgbẹ̀hìn, Òwu. Orúkọ àwọn ìlú tó ti parẹ́ ni. Wọ́n gbé wọn lérí wá bí ẹni gbé ẹrù. Ọ̀yọ́ Ilé náà tú, Aláàfin Àtìbà sì lọ tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà. Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni Aláàfin ṣì ni Aláàfin.

Àpáta wà ní Abẹ́òkúta. Àpáta wà lẹ́bàá Zuba pẹ̀lú. Ẹ mú owó 100 náírà, kí ẹ yí i sẹ́yìn. Àpáta Zuma lẹ rí yẹn. Bí mo bá jáde ní òwúrọ̀ tí kùrukùru kò sí, ó dúró lókèèrè bí àgbà tó ti rí ohun púpọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀.

Àwa Onítẹ̀bọmi ní ìpín tiwa nínú irú ìtàn yìí. Ní ọdún 1850 ni Thomas Jefferson Bowen dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó di 1853, ó ti dé Ìjàyè láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìjàyè jẹ́ ìlú ńlá, ìlú Kúrunmí. Ìrètí pọ̀ lórí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, nígbà tí ó sì di oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè ti di ahoro. Ilé ìsìn lọ, ilé ẹ̀kọ́ lọ, ìjọ fọ́nká. Àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí wà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, lára wọn ni A. D. Phillips àti R. H. Stone. Kí ni kí wọ́n fi wọ́n ṣe? Wọ́n kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta, sáàárín àwọn tí àwọn náà ti sá ogun rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjọ tí a rò pé ó ti kú ní Ìjàyè ló ń jí lójú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣòwò lọ sí ilẹ̀ Haúsá, wọ́n ṣòwò dé Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ibi tí wọ́n bá gbé ẹrù ọjà dé, wọ́n á gbé Bíbélì àti ìwé orin dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà ló bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá oníṣòwò Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá àgbà mi wà nínú àwọn tó kó ẹrù wọn. Ó máa ń sọ fún wa pé àpò kan àti ọmọ mẹ́ta ni òun gbé wọ ọkọ̀, pé kọ́kọ́rọ́ ilé òun ní Kùmásì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn títí ó fi dolóògbé. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun mìíràn, tí kò yé mi ní kékeré: "Ilé ìsìn tí a kọ́ síbẹ̀, a kò gbé e bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń lò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ má gbàgbé onílé

Ó rọrùn láti parí ìtàn síbí, kí a sọ pé ẹni tó sá ogun kọ́lé, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a sọ, àgàgà àwa tí a ń kéde òtítọ́.

Odi tí Abu Ja mọ dáàbò bo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà nínú odi náà di ìjọba, ìjọba náà sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Koro àti Gbagyi tó yí i ká, ó sì kó ẹrú gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọba yòókù ní ìgbà náà. Ní 1902, nígbà tí àwọn olórí ìlú ń dí ọ̀nà òwò Lọ́kọjá sí Zaria, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n sì gba ìlú. Àlejò tí Zuba fún ní ibùsùn ti di olúwa lórí ilẹ̀ onílé. Àwọn baba wa náà ṣe bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ìyà rí kì í fi ìyẹn nìkan di ẹni rere.

Síbẹ̀, àǹfààní tún wà nínú gbígbé pọ̀. Ní 1951, òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní Àbújá yẹn. Ìkòkò obìnrin Gbagyi kan wà ní ààfin ọba. Cardew rí i, ó sì yà á lẹ́nu. Ladi Kwali ni obìnrin náà. Ó dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1954, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ìlú tí àwọn Haúsá tó sá ogun tẹ̀dó, ọmọ onílẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ ga.

Ìgbà tó tún yá, ìṣípòpadà mìíràn dé, èyí tí kì í ṣe ti ogun. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan, ọmọ Yorùbá kan, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, sì ni alága rẹ̀, láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, òfin jáde: ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi 8,000 kìlómítà níbùú lóòró di ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n mú orúkọ Àbújá fún olú-ìlú tuntun. Ìlú Abu Ja wá di Suleja, orúkọ tí wọ́n fa yọ lára Suleimanu Barau, ọba ìgbà náà, àti lára Abu Ja. Zuba bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Suleja wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, ààlà sì gba àárín wọn kọjá. Zuba tún di ìlú ẹnu ààlà. Kódà àpáta Zuma tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹnu ọ̀nà Àbújá, Ìpínlẹ̀ Niger ló wà.

Ọ̀pọ̀ Gbagyi àti Koro ni wọ́n ní kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí títì àti ilé gíga lè wà níbẹ̀. Àwọn ará abúlé Wuse kó lọ sí ìhà Suleja, wọ́n sì pe ibùdó wọn tuntun ní Sabon Wuse, Wuse Tuntun. Ẹ rí i bí? Bí Makau ti gbé orúkọ Zazzau lọ, bí Ẹ̀gbá ti gbé orúkọ Aké lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé orúkọ Wuse lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra aṣọ rí ní ọjà Wuse ní Àbújá, orúkọ tí ẹ ń pè yẹn, orúkọ ilé àwọn kan ni.

Lẹ́tà sí àwọn tó wà ní àjò

Àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì béèrè ohun kan náà tí Makau béèrè. Wòlíì kan, Hananáyà, sọ ohun tí etí wọn fẹ́ gbọ́: ọdún méjì péré, gbogbo rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò. Jeremáyà ní tirẹ̀ kọ lẹ́tà kan tí kò dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ ka orí 29 ìwé rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ọdún náà yóò pẹ́, àádọ́rin ọdún. Nítorí náà kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n gbéyàwó fún ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà, torí pé bí ó bá dára fún ìlú náà ni yóò dára fún wọn. Bábílónì ni ó ń wí o, ìlú àwọn tó sun tẹ́ḿpìlì wọn.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa níhìn-ín. Ọjà èso ló ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti dé Zuba. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé, "Lọ́dún tó ń bọ̀, mo ń lọ sílé." Nítorí èyí, kò kọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ó mọ iye tí oníbàárà fẹ́ san, kò mọ orúkọ aládùúgbò. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, àwọn wo ló ń gbé ilé tó kàn yín?" Ó ní, "Àwọn Gbagyi kan ni, ọmọ mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òru ọjọ́ kan nínú òjò, àìsàn kọ lù ú. Àwa ará ìjọ jìnnà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. "Àwọn Gbagyi kan" yẹn ló gbé e. Ọkùnrin ilé náà gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ìyàwó rẹ̀ di í mú kó má baà ṣubú, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì dúró tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, omijé wà lójú Bàbá. Ó ní, "Míṣọ́nnárì, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò mọ orúkọ tí n ó pè."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú mi. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú àpótí mi.

Ẹ̀yin ará, èmi kò sọ pé kí ẹ gbàgbé ilé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ sọ Yorùbá fún àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń kúnlẹ̀ àti bí a ti ń dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ oríkì wọn. Makau kò jọ̀wọ́ orúkọ Zazzau, kò sì burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má fi ogún ọdún gbé inú àgọ́ nígbà tí Ọlọ́run ti fún yín ní ilẹ̀ tí ẹ lè fi ìpìlẹ̀ ilé lé. Ọmọ yín tí ẹ bí síbẹ̀ kò ní ìlú mìíràn tó mọ̀. Bí ẹ̀yin bá ń dúró, òun ń dàgbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ìdí tí ọkàn wọn kò fi balẹ̀. Ìwé ìgbélùú kò tíì jáde. Ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí yín níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ó dájú pé wọn kò ní ní kí ẹ kúrò lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti sọ fún ìyá àgbà mi. Síbẹ̀ ìyá àgbà kò kábàámọ̀ ilé ìsìn Kùmásì. Ohun tí a bá fi ìfẹ́ kọ́ kì í ṣòfò, kódà bí ẹlòmíràn ló bá jókòó sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti fìdí múlẹ̀, tí Ọlọ́run bù kún yín, ẹ rántí Zuba tó fún yín ní omi. Ẹ rántí ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn yín, ẹni tó yá yín ní yàrá, ẹni tó bá yín kọ lẹ́tà. Ẹ má di ọ̀gá lórí ẹni tó gbà yín. Bí àlejò mìíràn bá dé lẹ́yìn yín, tí ó wọ aṣọ tí kò bá òtútù mu, tí kò mọ bọ́ọ̀sì tí yóò wọ̀, ẹ̀yin ni Zuba tirẹ̀. Láàárín Àbújá níhìn-ín lónìí, ní Durumi àti ní Kuchingoro, àwọn tó sá ogun láti Bọ̀rnó ṣì wà nínú àgọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n wá ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn Makau kò tíì di ti àtijọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe ohun kan ṣoṣo: ẹ béèrè orúkọ aládùúgbò yín, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ti ń pè é gan-an. Bàbá tiwa ti kọ́ ti àwọn tirẹ̀. Ó máa ń kí wọn ní Gbagyi láràárọ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì tọ́ ọ, àwọn ọmọ ilé náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Ní àjọ̀dún ìkórè tó kọjá, wọ́n bá a wá sí ilé ìsìn pẹ̀lú iṣu mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Bàbá wa ọ̀run, ìwọ tí o bá Ábúráhámù rìn nígbà tí kò ní ilé, bá àwọn ọmọ rẹ tó wà ní àjò gbé. Fún wọn ní ìgboyà láti kọ́lé. Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé orúkọ ilé, má sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé onílé. Ṣàánú fún àwọn tó wà nínú àgọ́ lálẹ́ òní. Fi àlàáfíà sí ìlú tí olúkúlùkù wa ń gbé. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.